Ẹja Wo Ló Yẹ Àpótí Omi Iyọ̀ Kékeré?

Ìwé mẹ́ta ló wà níwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀yáwó lóṣù yìí tó dá lórí ọ̀ràn kan náà, ìyẹn àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń kó ẹja òkun aláràbarà sí, irú èyí tí èèyàn ń gbé sí pálọ̀, sí ilé oúnjẹ tàbí sí ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Ìyá wa kan tó ní ilé oúnjẹ ló kọ ọ̀kan. Ẹni tó kọ èkejì ní ilé tó ń fi gba àlejò. Ẹ̀kẹta sọ ní tirẹ̀ láìfi bò pé àwọn ọmọ òun ló ń yọ òun lẹ́nu. A ò rí ohun tó burú níbẹ̀ rárá. Ohun tó kọ wá lóminú ni pé nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹja ni wọ́n kọ́kọ́ to orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹja mẹ́wàá, ẹja méjìlá, fún àpótí tí kò gbà ju lítà 100 lọ. Bí a bá fi owó ẹgbẹ́ ra irú ẹja bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ wọn kú kí oṣù méjì tó pé. Owó tí ẹlòmíràn fi òógùn ojú rẹ̀ dá sínú àpò ẹgbẹ́ yóò bá wọn lọ, ṣùgbọ́n gbèsè kì í bá ẹja kú. Ìdí nìyí tí a fi ní ká ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà kí àwọn mẹ́ta yìí, àti ẹnikẹ́ni tó bá ń rò ó lọ́kàn, lè mọ ẹja tó yẹ àti èyí tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká ti ara iyùn bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ iyùn tí ọba ń fi sọ́rùn, tí ìyàwó ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wa ló mọ̀ pé egungun ẹ̀dá abẹ̀mí kan nínú òkun ni. Iyùn pupa tí wọ́n ń gbẹ́ ṣe ìlẹ̀kẹ̀, òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá jù lọ. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan wà nínú òkun ilẹ̀ olóoru tí wọ́n ń kọ́ ilé òkúta lórí ilé òkúta, ọdún gorí ọdún, títí yóò fi di òkìtì ńlá lábẹ́ omi. Inú òkìtì iyùn yìí ni àwọn ẹja aláwọ̀ mèremère tí à ń sọ yìí ń gbé. Etíkun tiwa níhìn-ín kò ní irú òkìtì bẹ́ẹ̀, nítorí odò ń kó ẹrẹ̀ wọ inú òkun wa, omi tútù sì máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ ní àwọn oṣù kan láàárín ọdún. Nítorí náà, ọ̀nà jíjìn ni àwọn ẹja náà ti ń wá, láti Indonéṣíà, láti Fílípíìnì, láti àwọn erékùṣù Kàríbíánì, nínú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, nínú ọkọ̀ òfúrufú. Ẹja tó ti rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kò ní agbára púpọ̀ nílẹ̀ mọ́. Bó bá dé ilé tí kò dára, kò ní í pẹ́ kú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àpótí kékeré ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe ń tètè bàjẹ́ nínú rẹ̀ tó. Májèlé kan wà tí wọ́n ń pè ní ammonia. Ẹja fúnra rẹ̀ ló ń mí i jáde, ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù tó jẹrà sì ń dá kún un. Nínú òkun, kò já mọ́ nǹkan kan, bí ìgbà tí èèyàn tutọ́ sínú ọ̀sà ni. Nínú lítà 100, ẹja tó ń mí i jáde náà ni yóò tún fà á símú. Ohun tó ń gba ẹja là ni àwọn bakitéríà kan tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé ara òkúta àti yanrìn inú àpótí. Àwọn kan nínú wọn ń sọ ammonia di nitrite, tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, tí èèyàn sì lè máa fi pípààrọ̀ omi dín kù.

Àwọn bakitéríà yìí kì í pọ̀ tó iṣẹ́ nínú àpótí tuntun. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó gbilẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, omi, yanrìn àti òkúta nìkan ló yẹ kó wà nínú àpótí. Èèyàn á máa fi ammonia díẹ̀ tàbí oúnjẹ ẹja ìwọ̀nba bọ́ wọn, á sì máa fi oògùn àyẹ̀wò wò ó títí ammonia àti nitrite yóò fi di òdo. Ẹni bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Nínú iṣẹ́ yìí, omi gidi ni òwe náà ń bá wí. Àwọn kan ṣì máa ń ju ẹja olówó pọ́ọ́kú sínú omi tuntun láti fi dán an wò. Ìwà ìkà ni, kò sì lérè, nítorí ẹja oníjàgídíjàgan ló sábà máa ń là á já, yóò sì wá sọ ara rẹ̀ di onílé tí kò ní í jẹ́ kí àlejò kankan wọlé lẹ́yìn òun.

Nípa ti omi fúnra rẹ̀, a ó sọ díẹ̀ níbẹ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ṣe é lò. Iyọ̀ tí wọ́n pò fún iṣẹ́ yìí gan-an ni, èyí tó ní àwọn èròjà tí iyùn fi ń kọ́ egungun rẹ̀, ní ìwọ̀n gíráàmù 35 tàbí díẹ̀ sí i fún lítà kan, ìyẹn bíi kílò mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin fún lítà 100. Omi tí a ó fi pò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sẹ́ dáadáa, nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sínú omi ẹ̀rọ kò bá ẹja lára mu, kò sì bá bakitéríà tí à ń tọ́ lára mu. Ẹnì kan bi wá pé ṣé a ò lè lọ bu omi òkun ní etíkun Èkó. A ò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Omi ọ̀sà tí òjò ti là ń tú síbẹ̀, ìdọ̀tí ìlú sì ń bá a wọlé. Bí omi inú àpótí bá fà, omi lásán ni kí ẹ bù kún un, ẹ má bu omi iyọ̀, nítorí omi ló ń fà, iyọ̀ dúró síbẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ óò rí i pé ojoojúmọ́ lẹ ó máa bù kún un. Ká má gbàgbé ìwọ̀n rẹ̀: omi lítà 100 wúwo ju kílò 100 lọ, láìka òkúta àti gíláàsì mọ́ ọn. Tábìlì tí wọ́n ń gbé abọ́ ìrẹsì sí kò lè gbé e.

Ooru àti iná mọ̀nàmọ́ná ló ṣòro jù lọ́dọ̀ tiwa. Ìwé àwọn òyìnbó máa ń tẹnu mọ́ ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, nítorí òtútù ni ìṣòro tiwọn. Ìwọ̀n 24 sí 27 ni ooru omi tó bá ẹja wọ̀nyí àti iyùn lára mu. Nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, lóṣù kẹta ọdún, omi lè gbóná kọjá 30, iyùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí ẹfun. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sí ojú omi lè mú un tutù díẹ̀. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń ru omi á dúró, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí á sì máa tán díẹ̀díẹ̀ nínú omi, pàápàá nítorí pé omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ tó ti tútù. Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi kì í ṣe ohun àṣejù nínú ilé wa, kòṣeémánìí ni. Níbí gan-an ni iye ẹja ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Nínú àpótí kan náà, lóru kan náà tí kò sí iná, ẹja mẹ́rin lè rọ́jú dòwúrọ̀ níbi tí ẹja méjìlá yóò ti léfòó kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ó wá ku ẹja yíyàn. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má fi ojú ohun tí ẹja jẹ́ lónìí wò ó, bí yóò ṣe tóbi tó lọ́la ni kí ẹ béèrè. Ẹja aláwọ̀ aró tó ní ìrù òféèfèé, tí àwọn ọmọdé mọ̀ sí Dory láti inú fíìmù tó jáde lọ́dún 2003 àti èkejì rẹ̀ ti ọdún 2016, kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ nígbà tí wọ́n bá ń tà á. Blue tang lorúkọ rẹ̀. Bó bá dàgbà, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ẹja tó sì máa ń wẹ lọ wẹ bọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Àpótí tó ju lítà 600 lọ ni wọ́n ń wá fún un. Kí a fi í sínú lítà 100 dà bí kí a so ẹṣin mọ́ inú yàrá ibùsùn. Méjì nínú ìwé mẹ́ta tí a gbà ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìtóbi, ìwà. Àwọn ẹja kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní damsel, wọ́n rọjú, ara wọn sì le. Ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Àwọn kan nínú wọn, bí èyí dúdú tó ní àmì funfun mẹ́ta lára, a máa gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, yóò sì máa lé gbogbo ẹja yòókù kiri títí wọn ò fi ní í rí oúnjẹ jẹ. Lionfish ní ẹwà tó pọ̀, àmọ́ ohunkóhun tó bá gba ẹnu rẹ̀ ni yóò gbé mì, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní oró. Ilé oúnjẹ tí ọmọdé ń na ọwọ́ kiri kọ́ ló yẹ kó wà.

Ti oúnjẹ ni ó ń pa ẹja púpọ̀ jù láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀. Kò sí ẹja tó dára tó mandarin lójú tiwa. Bí ẹni fi aró àti osùn kọ àdìrẹ ni ara rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò omi wíńníwíńní tó ń gbé ara òkúta ló ń ṣà jẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì wo oúnjẹ gbígbẹ lójú. Nínú àpótí kékeré, yóò jẹ kòkòrò wọ̀nyẹn tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò sì rù títí yóò fi kú, tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀. Butterflyfish ní tirẹ̀, iyùn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ. Ẹni tó ra iyùn tó tún ra òun ti ra ewúrẹ́ sínú oko ẹ̀gẹ́.

Èwo ló wá yẹ? Clownfish ni a óò kọ́kọ́ dárúkọ, ẹja pupa rúsúrúsú tó ní ìlà funfun mẹ́ta, èyí tí ọmọdé mọ̀ sí Nemo. Èyí tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ ocellaris kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 8 sí 9 lọ. Kì í rìn jìnnà, ó ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ, wọ́n sì ti ń sìn ín nínú àpótí láti ìran dé ìran, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè rà á láìjẹ́ pé wọ́n mú un láti inú òkun rárá. Ohun ìyanu kan wà nípa rẹ̀ tó kan bí a ṣe ń rà á. Akọ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Bí méjì bá jọ ń gbé, èyí tó bá tóbi jù, tó sì ń pàṣẹ, ni yóò di abo. Bí abo náà bá kú, akọ tó ṣẹ́kù lè wá di abo ní tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ ra ọmọ kéékèèké méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan fi díẹ̀ tóbi ju èkejì lọ, wọn óò fúnra wọn yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá kó àgbà méjì tí wọ́n ti di abo pọ̀, ìjà ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́jà tà yín ní ẹ̀dá òkun tó dà bí òdòdó, tó ń ta bí èsìsì, tí wọ́n ń pè ní anemone, pé clownfish kò lè wà láìsí i. Nínú òkun ló nílò rẹ̀ láti fi sá fún ọ̀tá. Nínú àpótí tí kò sí ọ̀tá, ó ń gbé láìsí i. Anemone fúnra rẹ̀ ṣòro tọ́ ju ẹja náà lọ, a máa rìn kiri, a máa ta iyùn pa, ẹ̀rọ omi a sì máa fà á ya.

Ẹja kejì tí a fẹ́ràn ni goby aláwọ̀ òféèfèé tí wọ́n ń pè ní yellow watchman. Òun àti edé kan ló jọ ń gbé ihò kan. Edé náà kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ṣùgbọ́n ògbóǹtagí nínú ilẹ̀ wíwà ni. Ẹja ní ojú tó mú, ṣùgbọ́n kò lè wa ilẹ̀ bíi ti edé. Edé á máa kó yanrìn jáde bí ọkọ̀ akólẹ̀, ẹja á jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ọdẹ aṣọ́lé, edé ò sì ní í mú ìwo rẹ̀ kúrò lára ẹja. Bí ẹja bá fi ìrù gbọ̀n pẹ́rẹ́, àwọn méjèèjì á wọlé. Edé yìí náà lè fi èékánná rẹ̀ pa kábá tí ẹ óò gbọ́ ọ láti òde gíláàsì. Ẹni tó bá fẹ́ kí oníbàárà jókòó pẹ́ nínú ilé oúnjẹ, a ò mọ ẹja tó lè ṣe é ju èyí lọ. Kí ẹ sáà rí i pé orí gíláàsì ìsàlẹ̀ ni òkúta jókòó lé, kì í ṣe orí yanrìn, kí edé má baà wa abẹ́ rẹ̀ títí yóò fi wó.

Royal gramma, tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ òféèfèé, wá láti Kàríbíánì, kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Ẹnìkan ṣoṣo ni kí ẹ rà. Firefish náà dára, ó jẹ́ onítìjú, àmọ́ bí ẹ̀rù bá bà á, yóò fò jáde kúrò nínú omi, ilẹ̀ lẹ óò ti bá a láàárọ̀. Ẹni tí kò bá ní àwọ̀n bo orí àpótí rẹ̀, kó má rà á. Ẹja tí wọ́n ń pè ní Banggai cardinal, tí akọ rẹ̀ ń fi ẹnu gbé ẹyin àti ọmọ, ti wọ inú ìwé àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu láti ọdún 2007, nítorí àwọn erékùṣù díẹ̀ péré ní Indonéṣíà ni ilé rẹ̀, wọ́n sì kó o níbẹ̀ ní àkójù. Èyí tí wọ́n sìn nínú àpótí nìkan ni ká rà.

Ọ̀rọ̀ sísìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan. Ẹja tí a sìn ti mọ oúnjẹ gbígbẹ jẹ, kò sì ní ìbẹ̀rù bíi ti inú òkun. Nínú àwọn tí wọ́n ń mú láti inú òkun, àwọn kan wà tí àwọn apẹja aláìbìkítà fi májèlé cyanide dákú kí wọ́n tó gbá a mú. Májèlé náà ń pa iyùn tó wà nítòsí, ẹja náà sì lè dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le nínú ṣọ́ọ̀bù kó tó wá kú sílé yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ẹ ní kó fún ẹja náà lóúnjẹ lójú yín. Èyí tí kò bá jẹun, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ikùn rẹ̀ bóyá ó ti wọ inú, ẹ wo bó ṣe ń mí bóyá ó ń mí gúlegúle, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ó ní àmì funfun kóókòòkó bí ẹni bu iyọ̀ wọ́n ọn. Ojú tí yóò báni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Àrùn funfun yẹn ń ràn, oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe ló sì wọ́pọ̀ fún un, ṣùgbọ́n bàbà a máa pa edé àti iyùn. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹja tuntun kọ́kọ́ gbé inú àpótí mìíràn tí kò sí iyùn nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, kí ẹ fi mọ̀ bóyá ó mú àìsàn wá. Ẹ má kó gbogbo wọn wọlé lọ́jọ́ kan. Kí ẹni jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ wọlé, kí ẹni tó le díẹ̀ gbẹ̀yìn.

Fún àpótí lítà 100, ohun tí a lè fọwọ́ sí ni clownfish méjì, goby kan pẹ̀lú edé rẹ̀, àti royal gramma kan, tí yóò wọlé kẹ́yìn. Ẹja mẹ́rin ni. A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ó kéré, pé àpótí á ṣófo lójú oníbàárà. Kò ní í ṣófo bí iyùn bá ń hù lára òkúta, tí edé ń walẹ̀, tí ìgbín òkun mélòó kan sì ń lá gíláàsì mọ́.

Ìgbìmọ̀ Ẹ̀yáwó ti fẹnu kò pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni owó yóò jáde fún irú ẹ̀yáwó yìí. Owó àpótí, òkúta, iyọ̀ àti ẹ̀rọ oníbátìrì ni yóò kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹni tó yá a mú ìwé tó fi kọ àyẹ̀wò omi rẹ̀ sílẹ̀ wá fún akọ̀wé, kí ammonia àti nitrite ti wà ní òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀léra, nígbà náà ni owó clownfish méjì yóò tó jáde. Owó àwọn yòókù yóò tẹ̀lé e lóṣù kan lẹ́yìn náà. Ọ́fíìsì wa yóò ṣí ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan. Kí àwọn méjì tó kọ Dory sínú ìwé wọn wá gbà á padà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fi ẹja mìíràn rọ́pò rẹ̀.